Tackle ni àbí receiver? Ìdáhùn fún bàbá kan ní Houston

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbé Houston, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni mo gbọ́njú mọ̀. Àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì kì í jẹ́ kí ilé rọgbọ bí oṣù Kẹrin bá ti dé. Ẹ̀gbọ́n ní tackle, ẹni tó ń dí ọ̀nà mọ́ alátakò, ló yẹ kí Texans, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ìlú wa, kọ́kọ́ mú nínú draft tí wọ́n fi ń yan ọmọ tuntun, nítorí pé àwọn alátakò ń gbé C.J. Stroud, quarterback tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, ṣánlẹ̀ jù. Àbúrò ní receiver ni, pé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tí kò sí ẹni tí yóò bá a mú un, inú afẹ́fẹ́ ló ń jù ú sí. Wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà. Ta ni kí n dá láre? Ipò wo gan-an ló yẹ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ yàn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, bàbá, ẹ kú ìnáwó àwọn ọmọ. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé síwájú yín kì í ṣe ẹjọ́ kékeré, nítorí àwọn tí wọ́n ń gba owó ńlá lórí iṣẹ́ yìí pàápàá kì í fohùn ṣọ̀kan lé e lórí, èmi tí mò ń dá yín lóhùn náà sì ti jẹ̀bi nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, n ó jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣaláìní ni àwọn ọmọ yín ń wò, nígbà tó jẹ́ pé ohun méjì mìíràn ni ó yẹ kí ẹni tó ń yan ọmọ wò: iye tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tà lọ́jà, àti bóyá ẹnì kan ṣoṣo lè tún ibi tó bàjẹ́ náà ṣe.

Ẹni tó bá ti inú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá wá á máa rò pé ẹgbẹ́ tó lówó jù ni yóò ra ọmọ tó dára jù, bí Real Madrid ti ń ṣe. Nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú jù ní sáà tó kọjá ni ó kọ́kọ́ ń mú ọmọ, ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ ni ó sì ń mú kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ 32 ni wọ́n, ìpele méje ni wọ́n ń yàn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀ tí wọ́n ń yàn lọ́dọọdún sì máa ń lé ní 250. Bert Bell, tó ni Philadelphia Eagles nígbà náà, ló mú àbá yìí wá, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára ń kó gbogbo ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá lọ mọ́ ọn lójú, wọ́n sì ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Philadelphia ní oṣù Kejì ọdún 1936. Ẹgbẹ́ lè ta nọ́ńbà tirẹ̀, ìyẹn àyè tó kàn án láti yan ọmọ, fún ẹgbẹ́ mìíràn, ó lè fi nọ́ńbà ńlá kan gba kéékèèké mẹ́ta, ó sì lè fi ti ọdún tó ń bọ̀ gba ti ọdún yìí. Ẹ má fi orúkọ pe é ní dráàfù tí àwọn àgbà ń ta lábẹ́ igi o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá mọ dráàfù ta yóò tètè mọ ìdí tí ènìyàn fi ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ọmọ kan jẹ kó lè rí méjì kó.

Owó ló mú kí ọ̀rọ̀ ipò le tó báyìí. Títí di ọdún 2010, ọmọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ yàn lè béèrè ohun tó bá wù ú: Sam Bradford, quarterback tí ẹgbẹ́ St. Louis mú ní nọ́ńbà kìíní lọ́dún yẹn, gba ìdánilójú mílíọ̀nù 50 dọ́là kó tó ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Lọ́dún 2011, àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí àdéhùn tuntun tó so owó ọmọ tuntun mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n ti mú un, fún ọdún mẹ́rin gbáko. Cam Newton, tí òun náà jẹ́ quarterback, tí òun náà jẹ́ nọ́ńbà kìíní, gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 22 fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dún yẹn kan náà. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà ló ń sọ owó ọmọ; iṣẹ́ tó ń ṣe lórí pápá kò kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún mẹ́rin náà bá ti ń lọ sópin, tí ọmọ bá bọ́ sọ́jà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn sì pọ̀ gan-an. Líìgì náà tún fi gbèdéke sí owó tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, mílíọ̀nù 255.4 dọ́là ni lọ́dún 2024. Bí ẹ bá san 55 fún ẹnì kan nínú rẹ̀, bí Cincinnati ti gbà láti máa san fún Joe Burrow, quarterback wọn, lọ́dọọdún nínú àdéhùn tó bá a ṣe ní 2023, ẹ ó fi ìyókù bọ́ àwọn tó lé ní 50.

Ẹ wò ó báyìí, bàbá. Bí wọ́n bá gbé igbá síwájú yín tí wúrà, iyùn àti ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, tí iye gbogbo wọn sì jẹ́ ọgbọọgba, ebi ì báà máa pa yín, ẹ kò ní na ọwọ́ sí ẹ̀wà. Ẹ ó mú iyùn, ẹ ó sì fi owó tó kù lọ́wọ́ ra ẹ̀wà níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ipò márùn-ún kan fi máa ń kún ìpele kìíní lọ́dọọdún: quarterback tó ń ju bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé láti gbé e ṣánlẹ̀, tackle tó ń dí ẹ̀gbẹ́ náà mọ́ wọn, receiver tó ń sáré lọ mú bọ́ọ̀lù lókè, àti àwọn tí wọ́n fi ń ṣọ́ receiver. Iyùn ni wọ́n. Àwọn ọmọ yín méjèèjì kò tíì mú ẹ̀wà, ohun tó mú kí ẹjọ́ wọn ṣòro nìyẹn; tí ọ̀kan nínú wọn bá ní ẹni tó ń tapá sí bọ́ọ̀lù ni kí wọ́n kọ́kọ́ yàn, ìwé yìí ì bá ti parí síbí.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Joe Burrow, tí Cincinnati Bengals mú ní nọ́ńbà kìíní lọ́dún yẹn, ń ju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nígbà tí àwọn alátakò láti Washington wó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, eékún rẹ̀ sì bàjẹ́. Nígbà tí oṣù Kẹrin ọdún 2021 dé, nọ́ńbà 5 kan Cincinnati, ọmọ méjì sì wà nílẹ̀. Penei Sewell, tackle láti Oregon, géńdé tó wọ̀n ju 300 pọ́n-ùn lọ tó sì ń sáré bí ẹni tí kò wúwo. Ja'Marr Chase, receiver láti LSU, tó ti bá Burrow gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì. Àwọn méjèèjì ni kò gbá bọ́ọ̀lù rárá ní sáà 2020 nítorí àrùn kòrónà. Àwọn alátìlẹ́yìn pín sí méjì, àríyànjiyàn náà sì gbóná ju ti ilé yín lọ. Èmi wà lára àwọn tó ń pariwo Sewell. Mo ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́, ẹ kò gbọdọ̀ ra fìlà fún un kí ẹ tó ra bàtà. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà débi pé mo tún un sọ fún gbogbo ẹni tó gbé ìpè mi.

Wọ́n mú Chase. Detroit mú Sewell ní nọ́ńbà 7. Chase gba bọ́ọ̀lù fún 1,455 yáàdì ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, Cincinnati tó jáwé olúborí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin péré lọ́dún tó kọjá sì bá ara rẹ̀ nínú Super Bowl, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn tí wọ́n fi ń gba ife-ẹ̀yẹ, ní oṣù Kejì ọdún 2022. Ẹnu mi wọhò. Síbẹ̀, ohun tí à ń bẹ̀rù náà ṣẹlẹ̀: ìgbà 51 ni wọ́n gbé Burrow ṣánlẹ̀ ní sáà yẹn, kò sí quarterback mìíràn tó jìyà tó o. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tó ṣáájú Super Bowl náà, ìgbà mẹ́sàn-án ni Tennessee gbé e ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ kan, Cincinnati sì tún borí pẹ̀lú 19 sí 16. Lọ́jọ́ Super Bowl fúnra rẹ̀, ìgbà méje.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìgbìyànjú tí wọ́n ṣe kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, nítorí gbogbo ẹjọ́ àwọn ọmọ yín ló wà nínú rẹ̀. Los Angeles Rams ń fi 23 sí 20 lé iwájú, kò tó ìṣẹ́jú kan tó kù. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni ẹgbẹ́ máa ń ní láti fi gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Ìkẹrin nìyí, yáàdì kan péré ló sì kù. Burrow gba bọ́ọ̀lù. Ní ọ̀nà jíjìn lápá kan, Chase ti sá kọjá ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ẹni náà sì ti ṣubú, pápá ṣófo gbalasa níwájú rẹ̀. Ká ní Burrow ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí i, bóyá ife-ẹ̀yẹ wà ní Cincinnati lónìí. Ṣùgbọ́n Aaron Donald ti Rams ti já wọlé, ó ti di Burrow mú ní ìbàdí, ó ń yí i po bí ẹní ń yí ọmọdé níbi ijó. Bọ́ọ̀lù fò bọ́ sílẹ̀. Eré parí.

Ẹ̀gbọ́n yóò fò dìde níbí yìí pé, ẹ wò ó, mo wí bẹ́ẹ̀! Ẹ ní kó jókòó. Ibo ni Donald gbà wọlé? Àárín ló gbà. Ẹ̀gbẹ́ ni tackle ń dúró, lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Guard ló ń dúró nínú, láàárín tackle àti ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù lé quarterback lọ́wọ́. Guard ni Donald borí. Ká ní Sewell wà nínú ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ni ì bá wà tí yóò máa ti alátakò tirẹ̀ sẹ́yìn tẹ̀rọ̀tẹ̀rọ̀, tí Donald yóò sì máa bá Burrow jó láàárín. Àwọn márùn-ún ló ń dènà, ẹni tó rọ̀ jù nínú wọn sì ni alátakò ń wá. Ẹ lè mú ẹni tó dára jù láyé sí ipò kan nínú ipò márùn-ún náà, kí ibòmíràn ya. Ti receiver kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fa ọ̀tá méjì mọ́ra kí pápá sì ṣí fún gbogbo àwọn yòókù. Ohun tí n kò rí lọ́dún 2021 nìyẹn. Mo rò pé ìdènà jẹ́ ohun tí à ń fi ẹnì kan rà.

Àṣìṣe Cincinnati wà ní ìpele kejì, kò sí nínú Chase tí wọ́n mú. Wọ́n ta nọ́ńbà 38 wọn, wọ́n sún sẹ́yìn sí 46, wọ́n mú Jackson Carman láti Clemson, tó jẹ́ tackle ní yunifásítì, wọ́n ní kó máa ṣe guard, kò sì lè di ipò náà mú. Ní nọ́ńbà 63, Kansas City mú Creed Humphrey, tó di ọ̀kan lára àwọn tó dára jù ní àárín ìlà àwọn adènà ní gbogbo líìgì náà. Kansas City pàápàá ni kí ẹ̀gbọ́n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Tampa Bay lù wọ́n 31 sí 9 nínú Super Bowl, Patrick Mahomes, quarterback wọn, sì fi gbogbo alẹ́ sá kiri bí ẹni tí oyin ń lé. Wọn kò wá ọ̀gbẹ́ni kan ṣoṣo láti gbà wọ́n. Wọ́n fi nọ́ńbà gba Orlando Brown lọ́wọ́ Baltimore, wọ́n ra Joe Thuney lọ́jà oṣù Kẹta, nígbà tí àwọn tí àdéhùn wọn ti parí ń wá ẹgbẹ́ tuntun, wọ́n mú Humphrey ní ìpele kejì, wọ́n sì mú Trey Smith ní ìpele kẹfà, nọ́ńbà 226. Láàárín oṣù mélòó kan, ìlà náà ti di ọ̀tun, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ná nọ́ńbà kankan láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ lé e lórí.

Ó yẹ kí n sọ ti Sewell parí, kí n má baà ṣe ojúsàájú nítorí ìtìjú. Ó di ọ̀kan nínú àwọn tackle tó dára jù. Detroit, tó jáwé olúborí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Super Bowl ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Lọ́dún yẹn, wọ́n bá a ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 112 fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tó kan Chase lọ́dún 2025, mílíọ̀nù 161 ni fún ọdún mẹ́rin. Ẹ ti rí ohun tí mo ń sọ nípa ọjà: nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ tuntun, nǹkan bíi mílíọ̀nù 30.8 ni àdéhùn Chase lápapọ̀, ti Sewell jẹ́ nǹkan bíi 24.1, nọ́ńbà nìkan ló sì fa ìyàtọ̀ náà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá tún mú ọ̀rọ̀ running back wá, ìyẹn ẹni tí ń gbé bọ́ọ̀lù dání sáré, ẹ sọ ìtàn Saquon Barkley fún un. New York Giants mú un ní nọ́ńbà 2 lọ́dún 2018, nígbà tí quarterback bíi Josh Allen ṣì wà nílẹ̀ tí Lamar Jackson náà sì wà nílẹ̀. Ọmọ náà dára, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ wọn, Giants kò sì rí ohun gidi kan mú bọ̀. Lọ́dún 2024, Philadelphia rà á lọ́jà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.6 lọ́dún, ó sáré fún 2,005 yáàdì, wọ́n sì gba Super Bowl pẹ̀lú 40 sí 22. Kí ló wà níwájú rẹ̀ tó ń là á lọ́nà? Jordan Mailata, ará Ọsirélíà tó ti inú rugby wá, nọ́ńbà 233. Àwọn méjì láti ìpele kejì. Lane Johnson, tí wọ́n mú ní nọ́ńbà 4 láti ọdún 2013. Àti Mekhi Becton, tí New York Jets mú ní nọ́ńbà 11 lọ́dún 2020 láti ṣe tackle, tí wọn kò sì fẹ́ mọ́; Philadelphia rà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n fi ṣe guard. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí Jets, nítorí pé lọ́dún 2024, nọ́ńbà 11 kan náà ni wọ́n tún fi wá tackle mìíràn.

Ọmọ wa sì ni tackle tí wọ́n rí náà: Olumuyiwa Fashanu, láti yunifásítì Penn State. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yín yóò ti mẹ́nu kàn án. Àwọn orúkọ Yorùbá ti pọ̀ nínú eré yìí ju bí ọ̀pọ̀ àgbà ilé ti mọ̀ lọ, díẹ̀ nínú wọn sì ń dán ìlànà tí mo là sílẹ̀ wò. Foyesade Oluokun gba Yale jáde, Atlanta mú un ní nọ́ńbà 200 lọ́dún 2018, ó sì ṣáájú gbogbo líìgì nínú dídá alátakò dúró ní sáà 2021 àti 2022. Linebacker ni, tó ń dúró ní àárín lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́, irú ipò tí ẹ ti lè rí ojúlówó ènìyàn nígbà tí àwọn mìíràn ti ń kó ẹrù wọn relé. Adewale Ogunleye ni kò bá ìlànà mi mu rárá. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé lọ bá quarterback, ipò tó jẹ́ iyùn pọ́nbélé, ẹnikẹ́ni kò sì yàn án nínú draft ọdún 2000. Miami gbà á wọlé láìsí nọ́ńbà. Nígbà tó fi máa di sáà 2003, ìgbà 15 ló gbé quarterback ṣánlẹ̀. Irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ kàn má fi kọ́lé ni. Bákan náà ni ti Brock Purdy, quarterback tó jẹ́ ẹni ìkẹyìn pátápátá tí wọ́n yàn lọ́dún 2022, nọ́ńbà 262, tó gbé San Francisco dé Super Bowl. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó nílò quarterback ni yóò fi ohun gbogbo wá a ní nọ́ńbà kìíní, kì í sì í ṣe pé wọ́n gọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston, ìlú yín gan-an ni kí n ti fi àpẹẹrẹ lé àpẹẹrẹ. Lọ́dún 2006, nọ́ńbà kìíní bọ́ sí Texans lọ́wọ́. Vince Young, quarterback tó jẹ́ ọmọ Houston, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé University of Texas borí USC, 41 sí 38, ìlú sì ti gbé e lé orí. Àwọn tí kò fẹ́ Young ń fẹ́ Reggie Bush, tó jẹ́ running back. Texans mú Mario Williams, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìlú sì fi ariwo yẹ̀yẹ́ pàdé rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Young wọ aṣọ Tennessee wá sí Houston, ó gbé bọ́ọ̀lù sáré fúnra rẹ̀ ní yáàdì 39 ní àfikún àkókò, ó sì fi ẹ̀yẹ ọjọ́ náà lọ. Ẹ wo bí yóò ti dun àwọn ará ìlú tó. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìgbà 14 ni Williams gbé quarterback ṣánlẹ̀, ìràwọ̀ Young sì ń wọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí Tennessee fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní ìpele kejì draft kan náà, nọ́ńbà 33, ni wọ́n mú DeMeco Ryans, tó padà wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ́dún 2023. Lọ́dún 2011, wọ́n tún pariwo yẹ̀yẹ́ lé ọmọ kan tí wọ́n mú ní nọ́ńbà 11 lórí. J.J. Watt lorúkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì sọ ọ́ di ẹni tó dára jù nínú gbogbo àwọn tó ń gba ilé.

Ní ti Stroud tí àwọn ọmọ yín ń jà lé lórí, ẹ rántí pé ìṣẹ́gun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́ fún Houston. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ohun tó kù kí nọ́ńbà kìíní tó jẹ́ tiwọn ni kí wọ́n pàdánù sọ́wọ́ Indianapolis. Wọ́n borí, 32 sí 31, lórí bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n jù nígbà tí yáàdì 20 kù ní ìgbìyànjú kẹrin. Nọ́ńbà kìíní lọ sọ́dọ̀ Chicago, Chicago tà á fún Carolina, Carolina mú Bryce Young, tí òun náà jẹ́ quarterback, Stroud sì bọ́ sí Houston lọ́wọ́ ní nọ́ńbà 2. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi nọ́ńbà 12, nọ́ńbà 33, pẹ̀lú ìpele kìíní àti ìkẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ra nọ́ńbà 3 lọ́wọ́ Arizona láti mú Will Anderson. Owó náà pọ̀ lójú mi nígbà náà. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n rà: quarterback àti ẹni tí ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ipò méjì tó wọ́n jù lọ́jà, lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin ní owó ọmọ tuntun. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn ọmọ tuntun tó dára jù lọ́dún náà, ẹgbẹ́ tó jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹta péré sì borí lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ìrora tí ẹ̀gbọ́n ń sọ kì í ṣe irọ́. Ìgbà 52 ni wọ́n gbé Stroud ṣánlẹ̀ ní sáà 2024, Kansas City sì tún gbé e ṣánlẹ̀ nígbà mẹ́jọ ní oṣù Kìíní ọdún 2025, lọ́jọ́ tí wọ́n lé Houston jáde pẹ̀lú 23 sí 14. Kí wá ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ ṣe? Ní oṣù Kẹta, wọ́n ta Laremy Tunsil, tackle wọn tó gbówó lórí jù, fún Washington, wọ́n sì ra Cam Robinson lọ́jà dípò rẹ̀. Nígbà tí draft dé, nọ́ńbà 25 kàn wọ́n. Wọ́n fi í jẹ bí ọmọ dráàfù, wọ́n sún sẹ́yìn sí 34, wọ́n sì rí nọ́ńbà mìíràn gbà lé e. Ní 34, wọ́n mú Jayden Higgins láti Iowa State. Ní 48, wọ́n mú Aireontae Ersery láti Minnesota. Receiver ni ti àkọ́kọ́, tackle ni ìkejì.

Nítorí náà, bàbá, bí wọ́n bá tún kó ẹjọ́ náà wá ní oṣù Kẹrin, ẹ má dá a kí ẹ tó bi wọ́n ní ohun mẹ́ta. Ta ni ẹgbẹ́ ti rà ní oṣù Kẹta? Àdéhùn ta ni yóò parí lọ́dún tó ń bọ̀? Ọmọ mélòó tó ṣeé mú ni yóò ṣẹ́ kù ní ipò yẹn títí di ìpele kẹta? Bí tackle bá pọ̀ lọ́dún náà tí receiver sì ṣọ̀wọ́n, ẹ dá àbúrò láre ní ìpele kìíní, kí ẹ fi ìpele kejì àti ìkẹta lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, kó fi kó adènà méjì jọ. Bí tackle kan ṣoṣo bá wà tó yàtọ̀ gédégbé sí gbogbo àwọn yòókù, ẹ yí ìdájọ́ náà padà láìtijú, nítorí tackle náà wọ́n lọ́jà. Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì ń bínú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tan ìgbìyànjú ìkẹyìn Cincinnati yẹn fún un, kí ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí Donald gbà wọlé.